Injiníà Tó Tilẹ̀kùn Mọ́ra Rẹ̀ Síta

Bí ẹ bá pe Don Hermógenes Benegas ní Don Hermógenes lásán, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ ní láti pè é ní Injiníà. Bí ẹ bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ fi "Àgbà" ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá sì nílò nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ pè é ní Àgbà Injiníà, kí ẹ wá dákẹ́ díẹ̀, kó lè ráyè fọwọ́ pa irunmú rẹ̀.

Ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ injiníà, àwa ará San Baudilio ò mọ̀ ọ́n. Ohun tá a mọ̀ ni pé ó ta ẹ̀rọ tí ń fa omi fún ọdún mọ́kànlá, pé ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Asunción, olú ìlú wa, ó sì gba ìwé ẹ̀rí kan bọ̀ tó fẹ̀ ju fèrèsé ilé rẹ̀ lọ. Àgbá òfìfo ló máa ń pariwo. Ti Hermógenes wa tún gbé agogo há ẹnu.

Àgbẹ̀ yerba, ewé tí a ń rẹ sínú omi mu, ni gbogbo wa. Ìdílé méjìlélọ́gọ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan ní Chile ránṣẹ́ pé àwọn á máa ra gbogbo ewé wa fún ọdún márùn-ún gbáko, bí a bá lè fi hàn pé inú oko wa ni àpò kọ̀ọ̀kan ti wá, pé kò sí àdàlù níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni ò lè pa rẹ́.

Ìwé yìí kò sí lórí tábìlì ẹnì kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú ewé kan so mọ́ èkejì bí ẹ̀wọ̀n, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá yí ẹyọ kan padà, gbogbo àwọn yòókù á pè é ní òpùrọ́. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó ń tọ́jú ìwé náà ni wọ́n ń pè ní nóòdù. Àwọn ará Chile ní àfi kí àwa náà ní tiwa.

Nígbà tí Don Hermógenes dìde nípàdé, tó ní ká lọ kó yerba wa sínú ẹ̀wọ̀n, Don Cirilo Duarte fara balẹ̀ béèrè pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ewé ṣẹ̀. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni Don Cirilo, òun ló kọ́kọ́ dáko ní San Baudilio, kò sì sí ẹni tó lè ní kó dákẹ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Injiníà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ní gbogbo ìpínlẹ̀ wa, Guairá, òun nìkan ni nǹkan yìí yé, òun á sì fi ara òun jìn fún wa. Ohun tí kò sọ ni pé ìbò alága ku oṣù méjì.

Bẹ́ẹ̀, Nimia Ovelar jókòó níbẹ̀. Nimia ló ń tún gbogbo ẹ̀rọ ilé tí a ti ń yan ewé ṣe, láti orí wáyà dé orí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ti gbé irú nóòdù bẹ́ẹ̀ méjì kalẹ̀ fún àwọn kan ní Villarrica, òun sì lè ṣe tiwa láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Injiníà wò ó tàánútàánú. "Nimia ọmọ mi," ló wí, "èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká máa so wáyà. Fi í sílẹ̀ fún àwọn tó kàwé."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni Nimia. Injiníà fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó háyà kọ̀ǹpútà ńlá kan lọ́wọ́ àwọn tó ń fi irú rẹ̀ háyà ní Asunción. Ohun kejì tó ṣe, ó wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, ó yọ ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀, ó gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Nimia béèrè pé kí ló fa sábàbí. Ó ní nóòdù kì í fẹ́ ooru.

"Ṣebí Asunción ni nóòdù wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Injiníà wí, "ṣùgbọ́n èmi ni orí rẹ̀, ilé mi sì ni orí mi ń gbé."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu Ña Perla, ìyàwó rẹ̀, la ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti tú tán. Linux ni wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà tó háyà náà. Kò sí àwòrán tí a ń tẹ̀ níbẹ̀, ojú dúdú lásán ni. O kọ àṣẹ, ó ṣe é. Àgbà Injiníà rí ojú ìwé kan tí ẹnì kan ti to àwọn àṣẹ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dà wọ́n kọ bí ọmọ iléèwé tó ń jí iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ wò.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá orúkọ tí nóòdù máa jẹ́. Nígbà tó yá, ó fún un ní gbogbo orúkọ tirẹ̀, tòun ti oyè. Ẹ̀rọ náà kọ̀ ọ́, ó ní ó ti gùn jù. Ó bá gé orúkọ bàbá rẹ̀ kúrò, ó fi Injiníà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló wá kàn. Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀kùn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta, ibẹ̀ sì ni olè ń gbà wọlé. Ojú ìwé náà ní kó ṣí èyí tí nóòdù máa fi bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó ṣí ìkejìlélógún tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbà wọlé, kó tó wá ti ìyókù pa. Àmọ́ Don Hermógenes kì í ka gbólóhùn dópin. Ó ní àwọn tí kò lọ́pọlọ ni wọ́n ń kọ ìparí gbólóhùn fún. "Tì í pa" ló rí. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo rẹ̀ tì.

Ẹ̀rọ náà bi í léèrè, ó ní èyí lè gé ọ̀nà tí ìwọ alára fi wọlé, ṣé kí n ṣe é? Injiníà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà kì í báni jiyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Láti ìṣẹ́jú náà, olè ò lè wọlé, àlejò ò lè wọlé, onílé pàápàá ò lè wọlé.

Ña Perla ní ó jókòó sínú òtútù amúlétutù wa, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, kò fi òróró sí irunmú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó rìn lọ dé ẹnu ọ̀nà Nimia. Nimia jáde sí i. Injiníà dúró, ó wo ilẹ̀, ó béèrè bóyá ara àwọn adìẹ rẹ̀ le. Nimia ní wọ́n wà dáadáa. Ó dúpẹ́, ó padà sílé.

Ká ní ó la ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, n kì bá tí ní ìtàn kankan sọ.

Ohun tó ṣe dípò rẹ̀ ni pé ó wá fídíò kan rí lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ọkùnrin kan ní Peru ló ya nóòdù tirẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́: nọ́ńbà ń ṣàn wálẹ̀ lójú dúdú, ìlà lórí ìlà, fún àádọ́ta ìṣẹ́jú. Hermógenes wò ó, ó gbà á sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, irunmú rẹ̀ sì tún gbèrú.

Ọjọ́ Sátidé la ṣí nóòdù. Gbogbo ìdílé ló pé. Ilé iṣẹ́ Chile rán obìnrin kan wá, Ignacia Oyarzún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, nọ́ńbà sì ń ya bí òjò lójú rẹ̀. Àwa tí a kò mọ ohun tí a ń wò pàtẹ́wọ́. Ooru mú wa, torí ẹ mọ ilé ẹni tí ẹ̀rọ amúlétutù wà.

Injiníà sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó sọ nípa ara rẹ̀ nígbà èwe. Ó sọ nípa ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Nígbà tó sinmi kó lè mu tereré, yerba tí a fi omi tútù rẹ, Ignacia béèrè bóyá ohun tí àwọn ń wò yìí, lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń ṣẹlẹ̀.

"Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, Sẹnyora. Láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé ló ti ń wọlé tọ̀ mí wá. Bí a bá gé wa kúrò lórí ayélujára fún ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìyẹn á dúró gbagidi."

Nimia, tó jókòó lẹ́yìn, yíjú sí ara ògiri. Àpótí ayélujára wa wà níbẹ̀, ó máa ń ṣẹ́jú wínníwínní bí tanná-tanná. Kò ṣẹ́jú. Lábẹ́ rẹ̀ ni Don Cirilo jókòó, fáànù kékeré kan dojú kọ ọ́, ara rẹ̀ sì tù ú.

"Don Cirilo," ni Nimia wí, "wáyà wo lẹ yọ kí ẹ tó ki fáànù bọ̀ ọ́?"

"Ti àpótí kékeré yẹn ni, ọmọ mi. Kò sí ẹni tó ń lò ó."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí Injiníà ti ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn wo aṣọ funfun. Nọ́ńbà ṣì ń ṣàn wálẹ̀. Injiníà la ẹnu láti ṣàlàyé, ó ti ń sọ nǹkan kan nípa sátẹ́láìtì, nígbà tí fídíò dé òpin. Nọ́ńbà pòórá. Ojú ọkùnrin kan tó dé fìlà onírun yọ gbàǹgbà, ó juwọ́ sí wa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn òun ní Arequipa ní Peru, ó ní kí ẹni tó bá jàǹfààní tẹ àmì ìfẹ́ràn.

A kò rẹ́rìn-ín. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀rín yẹn ì bá ná wa. Ignacia pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní bọ́ọ̀sì òun máa lọ ní wákàtí kan sí i, ohun tí òun bá rí kí òun tó lọ lòun máa kọ.

Nimia bọ́ sórí pèpéle. Ó bi Injiníà wọ́ọ́rọ́ bóyá ìkejìlélógún ló tì pa. Hermógenes mi orí. Nimia ní ẹ̀yìnkùlé wà: lórí ojú ìwé àwọn tó fi kọ̀ǹpútà háyà, ènìyàn lè gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni pé ó jókòó síwájú rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ nìkan ló kù.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, mo ń sọ ọ́ báyìí pé Nimia wọlé. Ó ṣí ilẹ̀kùn tó yẹ, nóòdù mí, ojúlówó nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Ignacia sì wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àdírẹ́sì nóòdù wa nínú ìwé rẹ̀. Ewé wa ti dé Chile lẹ́ẹ̀mejì. Nimia ni alága. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni San Baudilio ń sọ nígbà tí tereré bá ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Injiníà ní òun fúnra òun máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣì í. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ṣì í. Ojú ìwé náà kìlọ̀ pé ó ku ẹ̀ẹ̀kan, bó bá tún ṣì í, ó di ọjọ́ Ajé. Nimia ní kó sọ ọ́ fún òun. Ó kọ̀. Nimia nawọ́ sí àwa tí a jókòó, ìdílé méjìlélọ́gọ́ta.

Hermógenes bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu kan etí Nimia. Ohun tó gbàgbé ni pé ó ti ní kí wọ́n há máíkì mọ́ ọrùn ẹ̀wù òun, bíi tàwọn orí tẹlifíṣọ̀n.

"Arẹwà-ọkùnrin-Guairá," ni gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. "Kí o wá fi nọ́ńbà ọ̀kan sí i."

Nimia kò gbójú sókè. "Lẹ́tà ńlá ni, àbí kékeré?"

Injiníà fọwọ́ pa irunmú rẹ̀.

"Ńlá ni. Gbogbo rẹ̀."