Olùkọ́ Ìdìbò Gbogbo Ayé Tò Sórí Ìlà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú wa kí ẹlòmíràn tó bú wa. Àwa ará Okatee, ní Gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, a kì í dìbò kí ìjà má bẹ́. Bó jẹ́ ẹni tí yóò máa kó ajá ìgboro la fẹ́ yàn, ilé ẹjọ́ la máa parí ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan ní òdìkejì òkun fẹ́ dìbò! Ara wa á yá gágá, a ó ní àfi ká lọ kọ́ wọn. Ẹni tó bá gbà, a ó fún un lówó àti fìlà. Ẹni tó bá kọ̀, ọkọ̀ òfurufú la ó fi ju ìjọba àwa-ara-wa sí i láti òkè, òrùlé rẹ̀ ni yóò sì bà lé.

Nínú gbogbo àwa olùkọ́ ayé yìí, kò sí èyí tó tó Harlan Stubblefield. Òun ni ọ̀gá ètò ìdìbò fún gbogbo Okatee, àwa náà la sì dìbò yàn án. Harlan, Olùkọ́ Gbogbo Ayé! Atanná-fún-aládùúgbò-sùn-lókùnkùn! Ọkùnrin tó ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí ifo jẹ tirẹ̀ nílé! Ibi tí ẹlòmíràn gbé àwòrán ìyàwó kọ́ sí, àwòrán ara rẹ̀ ló gbé kọ́ síbẹ̀: Harlan àti àpótí ìbò nínú aginjù, Harlan àti àpótí ìbò nínú yìnyín, Harlan àti ìbákasíẹ tí kò jọ pé inú rẹ̀ dùn sí ìjọba àwa-ara-wa rárá.

Sarunga ló ti dé kẹ́yìn, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Éṣíà. Àwọn ọmọ ogun orí omi wa ń wá ibi tí wọn yóò máa gbé ọkọ̀ ogun sí níbẹ̀. Èbúté la ń wá, ìbò la fi bojú, Harlan la sì rán ṣíwájú kó lọ máa rẹ́rìn-ín. Ó dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò Sarunga, ó gbé àyà sókè, ó ní:

"Ẹ̀yin ará mi, ẹ tẹ́tí kẹ́ ẹ gbọ́! Níbi tí ìlà ìdìbò bá ti gùn tó yí ilé po, olè kan wà nídìí ẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀ o! Ẹ nàka sí i ní gbangba!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní ilẹ̀ Sarunga, ẹni tó bá dìbò tán a ti ìka bọ tàdáwà kó má baà dìbò lẹ́ẹ̀kejì. Harlan kò dìbò kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí kámẹ́rà, ló bá ti ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́ dé oríkèé. Ìka náà dúdú lọ bí ìdí ìkòkò, ó sì gbé e wálé tayọ̀tayọ̀. Ó nà án sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó nà án sókè níbi tí wọ́n ti ń sun ẹran jẹ. Bó bá fẹ́ ra epo sí mọ́tò, ìka yẹn ló fi ń tọ́ka.

"Harlan, fọ ìka yẹn kó o tó fọwọ́ kan búrẹ́dì," Loretta ìyàwó rẹ̀ sọ fún un lórí tábìlì.

"Ìka yìí? Ìka òmìnira nìyí, Loretta."

"Òmìnira ti wọ inú bọ́tà mi."

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìka sílẹ̀ ká sọ ti ọwọ́, torí ohun tí ọwọ́ Harlan ń ṣe nílé yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe lẹ́yìn odi. Ìsàlẹ̀ ìlú wa ni wọ́n ń pè ní Cypress Bottom. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọn kì í sì í dìbò fún Harlan àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ló ṣe? Ó ti gbogbo ibùdó ìdìbò wọn pa, ó kù ẹyọ kan ṣoṣo ní ilé àwọn panápaná. Ó wá gbé òfin jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ẹni tó wà lórí ìlà ìdìbò ní oúnjẹ tàbí omi. Ó ní omi lè yí ọkàn olùdìbò padà.

Nígbà tó pe ìpàdé láti ṣàlàyé, Ìyá Odessa Gaither dìde. Màmá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Cypress Bottom.

"Ọ̀gá Stubblefield, ibùdó ìdìbò wa dà?"

"A ti kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan, Màámi, kó lè rọrùn."

"Kó rọrùn fún ta?"

"Fún ètò, Màámi. Fún ètò."

"Láyé ìyà, àwọn bàbá ẹ máa ń bi bàbá mi pé ìfófòó mélòó ló wà lára ọṣẹ kan, kó tó lè dìbò. Wọ́n tiẹ̀ wá nǹkan bi í! Ìwọ ò béèrè nǹkan kan, ńṣe lo palẹ̀ àpótí mọ́."

Ṣé ẹ mọ ohun tí àwa tá a jókòó lẹ́yìn ṣe? A pàtẹ́wọ́ fún Harlan. Ẹ má bi mí nídìí ẹ̀. Kọ́fí wà níbẹ̀, bisikíìtì gbígbóná sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Harlan fúnra rẹ̀ ló fa ààlà ibùdó ìdìbò tuntun sórí àwòrán ìlú. Pẹ́ẹ̀nì pupa tó nípọn bí àtàǹpàkò ló lò. Ó fà á gba ẹ̀yìn ilé ìwé, ó yí itẹ́ òkú po, ó rọra yọ́ gba etí adágún kó lè ti gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ́kù sápá Cypress. Ibi tí ìlà náà ti kọjá létí adágún, inkì rẹ̀ bo àdúgbò kan mọ́lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wò ó títí, wọn kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí àdúgbò náà bọ́ sí. Ta ni yóò bi ọ̀gá tó ń fi ìka sọ̀rọ̀? Wọ́n bá kúkú fi sápá Cypress. A sì máa ń wí pé bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìròyìn ayọ̀ dé láti Washington. Wọ́n fẹ́ yan aṣojú kan tí yóò máa rìn káàkiri ayé láti kọ́ àwọn orílẹ̀-èdè ní ìdìbò, pẹ̀lú ọkọ̀ òfurufú àti àsíá níwájú mọ́tò. Harlan kò sùn mọ́. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó lẹ́yìn mọ́tò tó ní àsíá. Wọ́n ní ọ̀gá kan láti ọ̀hún, Ọ̀gbẹ́ni Prescott, yóò wá wo bí Okatee ṣe ń dìbò ní oṣù kẹfà, kó tó bu ọwọ́ lu orúkọ Harlan fún ipò náà. Harlan kúkú ránṣẹ́ pe Ìyáàfin Rosmina, olórí ètò ìdìbò ní Sarunga, kó wá jẹ́rìí òun. Ó tún pe àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n. Bí inú bá dùn jù, orí a máa gbàgbé.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Harlan kó àlejò rẹ̀ lọ sí Magnolia Ridge ní òkè ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gọ́ọ̀fù àwọn olówó, níbi tí ẹ̀rọ ìdìbò ti tò lọ rẹrẹ tí kò sí ẹni tó ń lò ó. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ẹnì kan ń ta dùùrù.

"Ìyáàfin, ṣé ẹ rí nǹkan?" ó bi Rosmina. "Ṣé ẹ rí ìlà?"

"Mi ò rí ìlà o, olùkọ́."

"Ó tán nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí n dìbò tèmi, kẹ́ ẹ wò ó."

Ó na ìka dúdú náà sókè fún kámẹ́rà, ó dé iwájú òṣìṣẹ́bìnrin tó jókòó sí tábìlì. Obìnrin náà wo orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó tún un wò, òógùn bo imú rẹ̀ nínú òtútù yẹn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ibí kọ́ lẹ ti máa dìbò."

"Kí lo wí?"

"Àdúgbò etí adágún tẹ́ ẹ̀ ń gbé ti bọ́ sápá Cypress. Ilé àwọn panápaná lẹ máa lọ. Ààlà tẹ́ ẹ fà ni, ọ̀gá."

Harlan rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń ro. Ojú rẹ̀ lọ sára Prescott.

"Kò burú," Prescott sọ, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Aṣojú ìdìbò tí kò dìbò, ìyẹn ò ní dáa létí. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀."

Háà! Bí wọ́n ṣe yà sójú pópó Cypress, ìlà ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Ìlà náà jáde ní ilé àwọn panápaná, ó yí i po, ó gba iwájú ilé onídìrí, ó dé ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Oòrùn ń pa igi. Àgbà gbé àga tí wọ́n ń ká pọ̀ wá, ìyálọ́mọ na agboòrùn, oníkálukú sì gbé omi tirẹ̀ dání. Harlan gba iwájú lọ tààrà. Dwayne, ọlọ́pàá tó fi ṣọ́ ìlà fúnra rẹ̀, na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Ọ̀gá, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Dwayne, èmi ni."

"Mo rí yín, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ ní bó bá jẹ́ ìyá tó bí mi ni, kí n dá a padà."

Harlan na ìka dúdú sókè kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó dé. Ìyá Odessa wò ó láti orí àga rẹ̀.

"Àbí ẹni yìí ti dìbò níbòmíràn ni? Ẹ mú un o!"

Ẹ̀rín sọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Harlan rìn lọ sẹ́yìn, ó rìn, ó rìn. Ta ló bá níbẹ̀ tó jókòó lábẹ́ agboòrùn? Loretta, ìyàwó rẹ̀, tó ń fi omi tútù panu.

"O mọ̀ pé ibí la ó ti dìbò?" Harlan bi í.

"Wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí wa nílé. Mo gbé e fún ẹ, o ní kí n má fi bébà àwọn ará Cypress dí ẹ lọ́wọ́."

Wákàtí kan kọjá, ìlà sún ìwọ̀n ìgbésẹ̀ ọmọdé. Òmíràn kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjì tó wà nílé náà bàjẹ́. Kóòtù wà lọ́rùn Harlan torí kámẹ́rà, òógùn ń ṣàn wọ bàtà rẹ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ó fẹ́ gbéra kó kúrò, ṣùgbọ́n Prescott ń wò ó láti inú mọ́tò, kámẹ́rà sì ń wò ó lójúkorojú. Àsíá iwájú mọ́tò yẹn ni Harlan ń rò kó má baà ṣubú.

"Loretta," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "fún mi lómi díẹ̀."

Loretta na ìgò sí i. Dwayne súfèé.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́ o. Ẹ̀wọ̀n ni."

"Ọkọ mi ni!"

"Olùdìbò lórí ìlà ni, Màámi. Omi lè yí ọkàn ẹ̀ padà."

Loretta fa ìgò padà, ó mu ún. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kò yára mu ún rárá.

Oníròyìn sáré gbé ẹ̀rọ sí Ìyáàfin Rosmina lẹ́nu. "Ìyáàfin, kí lẹ rí ní Okatee?"

Rosmina kò fẹ́ dójú ti ẹni tó gbà á lálejò. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ gidi ni.

"Olùkọ́ wa kọ́ wa pé níbi tí ìlà bá ti gùn tó yí ilé po, olè kan wà nídìí ẹ̀. Ó ní ká má bẹ̀rù ẹ̀, ká nàka sí i ní gbangba. Mi ò mọ ará ìlú yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí ìlà, ta ni ká nàka sí?"

Ìka dìde. Ti àgbà, ti èwe, ti onídìrí, ti atúntáyàṣe. Gbogbo ẹ̀ dojú kọ ọkùnrin kan ṣoṣo tó wọ kóòtù, lórí tẹlifíṣọ̀n, ojú ẹsẹ̀. Loretta náà na ìka, ṣùgbọ́n ó fi agboòrùn bò ó.

Orí Harlan yí. Ní òdìkejì ọ̀nà, omi ń ro tótótó lẹ́nu rọ́bà tí àwọn panápaná fi ń fọ mọ́tò. Ó wo omi, ó wo mọ́tò Prescott. Bó bá kúrò lórí ìlà, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn, oyè aṣojú sì bá a lọ. Bó bá dúró, àfàìmọ̀ kó má dákú.

"Dúró, ọmọ mi!" Ìyá Odessa kígbe, kì í sì í ṣe pé ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Gbogbo wa là ń dúró. Ó kù díẹ̀!"

Harlan sá. Ó sáré gba àárín ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fẹnu sí rọ́bà, ó mu omi títí omi fi gba ihò imú rẹ̀ jáde. Kámẹ́rà kò yẹjú. Ìgbà tó fi padà dé, aago méje tí ìdìbò máa ń parí ti lù, Dwayne sì ti lọ dúró lẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn ìlà, bí àṣà wa. Ẹni tó bá wà níwájú ọlọ́pàá yóò dìbò bó di ọ̀gànjọ́. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kó máa lọlé.

"Dwayne, jọ̀ọ́. Mo ti wà lórí ìlà tẹ́lẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ̀yìn mi lẹ wà."

Mọ́tò Prescott tanná, ó yí padà, ó gba ọ̀nà Washington lọ. Harlan dúró sẹ́yìn ọlọ́pàá, ẹrẹ̀ dé orúnkún.

Rosmina mi orí. "Ní ìlú tiwa," ó sọ, "ẹni tó ń jí ìbò wa gan-an máa ń pín omi." Ó wá yíjú sí gbogbo àwa tá a kóra jọ wá wòran láti òkè ìlú. "Ta ló fi ọkùnrin yìí sípò ná?"

A ń wo bàtà wa, a ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. A rọra yíjú sí Ìyá Odessa, bóyá àgbà máa bá wa wá nǹkan sọ.

"Ẹ má wo èmi o," ó ní. "Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yàn án, wọ́n ti kéde orúkọ ẹ̀, orí ìlà ni mo ṣì wà."