Àga Tí Mo Tẹ̀ fún Bàbá Ṣadé

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ tí mo gbé àga lọ fún bàbá Ṣadé ní Ìsẹ́yìn kò ní tán lọ́kàn mi. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: láti Ṣakí títí dé Ìgànná, kò sí káfíńtà tó mọ igi bí èmi. Kíláàsì kẹta ni mo ti sá fún ìwé, ṣùgbọ́n igi gbọ́ èdè mi.

Ṣadé ni mo fẹ́ fẹ́. Aṣọ òkè ni bàbá rẹ̀ ń hun, ìjókòó nídìí òfì sì ti ba ẹ̀yìn wọn jẹ́. Wọ́n ní kí n ṣe àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ roboto, tí yóò gbá àwọn mọ́ra; bó bá dára, kí n mú ẹbí mi wá tọrọ ọmọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kìlọ̀ pé arère tí kò ní kókó ni kí n lò, kí n fi ayùn la ìlà tóóró tóóró sí inú pákó, kí jíjìn wọn dọ́gba, kí n sì fi omi gbígbóná rin ín kí n tó tẹ̀ ẹ́. Arère kẹ̀? Igi tí ọmọdé ń fi ọwọ́ kan gbé? Igi apá tó le bí òkúta ni mo rà, igi ọkùnrin.

Ọ̀sán ọjọ́ tí mo la pákó náà tutù. Ọyẹ́ ń fẹ́, ewé kaṣú ń já wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òórùn igi sì gbé mi lọ. Mo rí Ṣadé nínú ilé mi, mo rí ọmọ mẹ́rin, ìkarùn-ún ni mò ń sọ lórúkọ lọ́wọ́. Ìgbà tí ojú mi fi padà sídìí ayùn, ìlà kan jìn, ìkejì kò jìn, ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ já síta. Omi gbígbóná ńkọ́? Mo gbàgbé. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́. Mo fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun pákó dí ibi tó sán, mo fi pólíìṣì kùn ún. Àga náà wá rẹwà ju èmi gan-an lọ.

Mo gbé e síwájú bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n jókòó, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ kẹ́. Àna kò tíì ní kéèyàn dìde, ta ló máa dìde? Kẹ́. Mo dojú délẹ̀, mò ń ka ìlà ayùn mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń já. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dìde.

"Fara balẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tù mí ni."

Ni ẹ̀yìn àga bá já. Kí wọ́n má bàa ṣubú sẹ́yìn, wọ́n fò síwájú, ẹsẹ̀ wọn kọ́ mi, wọ́n ṣubú lé mi lẹ́yìn gbì. Wọn ò sì kúrò. Wọ́n yíra padà, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n mú pákó tó já, wọ́n ń wò ó bí aṣọ tí òwú rẹ̀ kò dọ́gba.

"Kí lò ń rò nígbà tí ò ń la èyí?"

"Ṣadé ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn mi fi ń mì. "Kí ẹbí rẹ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n káfíńtà míì ni kó ṣe àga tí màá jókòó sí lọ́jọ́ náà."

Igi tó le kọ́ ni igi tó dára, èyí tó gbọ́ràn ni. Ẹni tó bá sì mú ayùn lọ́wọ́, kó fi àlá sílẹ̀ dìgbà tó bá sùn. Èmi ṣì ni ọ̀gá gbogbo káfíńtà agbègbè wa o, ẹ kàn má bi àna mi. Títí dòní, bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ àga tí wọ́n jókòó sí wò, èmi náà á sì rọra rẹ́rìn-ín sínú erùpẹ̀.