Ẹnì Kan, Ọ̀gá Kan

Gbà! Gbà! Gbà!

Ọ̀gá àgbà iléèwé wa ló ń lu géètì iléèwé ara rẹ̀ bí ẹni tí oyin ń lé. Èmi olùkọ́ náà pẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo rọra sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Adelé ṣì ni ọ̀gá o. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni alábẹ̀wò láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wò ó, bóyá wọ́n á sọ ọ́ di ojúlówó ọ̀gá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni táyà ọkọ̀ rẹ̀ bẹ́ lọ́nà!

"Ṣílẹ̀kùn!"

Ẹ̀ṣọ́ yọjú. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ̀gá mi ní tí aago mẹ́jọ bá ti lù, kí n má ṣí i fún ẹnikẹ́ni mọ́, àfi alábẹ̀wò."

"Ọ̀gá rẹ wo? Èmi ni ọ̀gá rẹ!"

"Rárá o, sà. Igbákejì yín ni. Ẹ̀yin náà lẹ yà á sára ògiri."

Yéè! Òótọ́ ni! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá ti ibi ẹ̀kọ́ ìṣàkóso dé, tó ya kálukú wa sínú àpótí lórí bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tó fi ìlà so kálukú mọ́ ọ̀gá rẹ̀, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní: "Ẹnì kan, ọ̀gá kan! Ẹni tó bá gbàṣẹ lẹ́nu ẹlòmíì, ìwé gbélé-ẹ ló máa gbà!"

Òógùn bo ọ̀gá. "Lọ pe igbákejì mi wá."

"Wọ́n ń ṣọ́ ìdánwò, sà. Ta ni kó wá bá mi ṣọ́ géètì?"

"Ó dáa. Wọ ọ́fíìsì mi. Mú bírò. Fa ìlà láti inú àpótí mi wá sí tìẹ!"

Ẹ̀ṣọ́ ronú, ronú.

"Sà, ta ló rán mi?"

"Èmi ni!"

"Ẹ ò tíì lè rán mi, sà. Ìlà ò tíì sí."

Ẹ̀rín ń pa mí! Mo ki etí báàgì bọnu.

Píìn! Alábẹ̀wò dé. Géètì ṣí gbayawu. Ọ̀gá já síwájú ọkọ̀, gbogbo ojú rẹ̀ dúdú fún ìdọ̀tí táyà. "Èmi ni adelé ọ̀gá àgbà níbí o!"

Alábẹ̀wò wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ẹ̀ṣọ́, ṣé ẹ mọ bàbá yìí?"

"Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, sà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀.

"Ṣé ọ̀gá yín ni?"

"Rárá o."

Fùùù! Ọkọ̀ wọlé. Ọ̀gá fẹ́ yọ́ tẹ̀lé e.

Gbàgà! Géètì ti padé.

"O ti pa mí o! Mo máa fẹjọ́ rẹ sùn!"

Àánú rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ gan-an.

"Ẹ̀tọ́ yín ni, sà. Ẹ lọ bá ọ̀gá mi. Wọ́n wà nínú lọ́hùn-ún."