Gíláàsì Tó Gé Létí

Màmá Onígíláàsì ń fi àkísà nu awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ogún ọdún ló ti fi ń tọ́jú gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ ẹran ara mọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Mo-Mọ̀-Ọ́n, já wọlé. Ọ̀la ni ìdánwò rẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Tó bá tún fìdí rẹmi, ilé yá nìyẹn.

Ó fẹ́ jókòó sórí àga tí kóòtù funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Dìde ńbẹ̀! Ẹnì kan ń lò ó."

"Kò burú, Màmá, màá dúró. Ẹ ṣáà máa gbé gíláàsì wá kí n máa dárúkọ ẹran tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Màmá ti gíláàsì kan bọ abẹ́ awò. Ojú ọmọkùnrin náà ò tíì débẹ̀ tó fi pariwo:

"Ẹ̀dọ̀fóóró!"

Màmá gbé òmíràn síbẹ̀.

"Ọmú abiyamọ!"

"Háà! Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, ihò ṣáá ni gbogbo ara wọn. Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Làákàyè ni, Màmá. Kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi àkísà mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá wọra, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé etí gíláàsì lọmọ náà ń wò. Ó mú òmíràn látinú páálí tuntun.

Mo-Mọ̀-Ọ́n wo etí ọ̀tún, ó wo tòsì. Òógùn bo imú ẹ̀.

"Màmá... èyí ò gé létí."

"Ẹran tó wà láàárín ńkọ́?"

"Èyí tó gé létí ni ẹ̀dọ̀fóóró! Èyí tí yíǹkì ta sí ni ọmú! Gbogbo kíláàsì wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀!"

"Ó mà ṣe o! Tuntun ni gbogbo ti ọ̀la. Kò sí èyí tó gé, kò sí èyí tí yíǹkì ta sí."

"Mo gbé!" Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá mi, ẹ dákun, ẹ kọ́ mi!"

"Dìde, wò ó dáadáa. Ihò tó ṣófo, tí afẹ́fẹ́ ń gbà: ẹ̀dọ̀fóóró. Ihò tí wàrà ṣì kù sí: ọmú. Ohun tí àkísà kọ́ mi nìyẹn."

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun! Ẹ jẹ́ n jókòó, kẹ́ ẹ tún un sọ."

"Àga kejì ni kó o gbà. Ọ̀gá tó máa dán yín wò lọ́la ló ni kóòtù yẹn. Ó lọ jẹun ni. Tó bá dé, màá tún un sọ fún ẹ̀yin méjèèjì, torí láti àárọ̀ lòun náà ti ń bi mí pé èyí tó gé létí dà."