Ìdọ̀tí Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Lucien ni aṣojú ìjọba Révolution ní àdúgbò kan ní Adja-Ouèrè; ó kàwé, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé páálí gbọọrọ kan tí ó lẹ ìwé mọ́ wá bá Àsíátù lẹ́yìn ilé níbi tí ó ti ń se epo pupa, èéfín sì gbá a lójú kí ó tó ráyè kí i.

LUCIEN: Kamaradi Ìyá, ṣé ẹ ti ṣe tán fún Révolution?

ÀSÍÁTÙ: Ìjà ń tẹ̀síwájú! Ìwọ dúró síbẹ̀ yẹn ní tìẹ, epo gbígbóná nìyí.

LUCIEN: Ẹ̀rí pé ìlú wa ń dọ̀tí ni mo mú wá. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo ti ń fi òrí pa ìwé funfun, tí mò ń gbé e kọ́ ara ògiri bíró, kí eruku àti èéfín lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó!

ÀSÍÁTÙ: Òrí gidi lo bà jẹ́ báyìí?

LUCIEN: Ẹ fi òrí sílẹ̀! Àìkú, ó mọ́. Ajé, ó mọ́ díẹ̀. Àbámẹ́ta, dúdú bí ìdí ìkòkò! Àbámẹ́ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ìyá, ọyẹ́ ò mọ Àbámẹ́ta yàtọ̀ sí Ajé. Ohun tó bá ń tẹ̀lé ọ̀sẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló wà nínú ẹ̀.

ÀSÍÁTÙ: Òótọ́ ni. Ọwọ́ ta wá ni?

LUCIEN: Tiyín. Iná ta ló tún ń rú èéfín tó báyìí? Ọ̀la ni ràpọ̀ tí mo kọ ń lọ bá àwọn ọ̀gá ní Àjàṣẹ́. Wọ́n á ní kí ẹ kó iná yín lọ sí ọ̀nà Ikpinlè, lẹ́yìn ìlú.

(Àsíátù wo àyíká rẹ̀. Kànga rẹ̀, ìkòkò rẹ̀, ọ̀pẹ rẹ̀, ẹ̀yìn ilé yìí ni gbogbo wọn wà. Ó ro epo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sí Lucien.)

ÀSÍÁTÙ: Ọjọ́ wo ni mo máa ń se epo?

LUCIEN: Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

ÀSÍÁTÙ: Irọ́. Bí ọjà bá ku ọ̀la ni mò ń se é, ọrọọrún la sì ń nájà wa. Òní Ìṣẹ́gun, mò ń se é. Èyí tó kọjá, Ẹtì ni. Èyí tó ṣáájú ìyẹn, Ajé. Ṣáájú ìyẹn náà, Ọjọ́bọ̀. Tí o bá kà á dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rẹ, Àbámẹ́ta kan péré ni. Mẹ́ta yòókù ńkọ́?

LUCIEN: Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, Ìyá!

ÀSÍÁTÙ: Nínú tìẹ. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún ọjà.

(Lucien fi ìka ka páálí, ó tún un kà.)

LUCIEN: Bóyá àwọn tó ń se ọbẹ̀ ni.

ÀSÍÁTÙ: Àbí wọn kì í jẹun lọ́jọ́ yòókù?

LUCIEN: Èéfín mobilẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

ÀSÍÁTÙ: Mẹ́ta ló wà ní àdúgbò yìí. Ọ̀kan ti bàjẹ́, ọ̀kan ò rí ẹsáńsì mu, ìkẹta, ìwọ lò ń gùn ún. Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń fi dandan lé wa lórí láràárọ̀ Àbámẹ́ta?

LUCIEN: Ìmọ́tótó ìlú! Gbogbo wa la ń gbálẹ̀ láti...

(Ó wo páálí ọwọ́ rẹ̀.)

ÀSÍÁTÙ: Parí ẹ̀.

LUCIEN: ...láti ojú ọjà dé ẹnu bíró.

ÀSÍÁTÙ: Ọgọ́rùn-ún ìgbálẹ̀ nínú eruku ẹ̀ẹ̀rùn! Bí a bá gbá a tán ńkọ́?

LUCIEN: A ń kó pàǹtí jọ, a ń dáná sun ún.

ÀSÍÁTÙ: Níbo?

LUCIEN (jẹ́jẹ́): Lẹ́bàá ògiri bíró.

ÀSÍÁTÙ: Ta ló ń fọn fèrè pé kí a gbá a kíkankíkan?

(Lucien fi ọwọ́ bo fèrè tó wà lọ́rùn rẹ̀.)

LUCIEN: Ìyá, mi ò lè kọ ọ́ pé ìmọ́tótó ló ń dọ̀tí ìlú. Wọ́n á ní mo lòdì sí Révolution.

ÀSÍÁTÙ: Ṣùgbọ́n o lè kọ ọ́ pé èmi ni?

(Ojú tì í. Lójijì ojú rẹ̀ dán.)

LUCIEN: Mo ti rí i! Iná yín ò lọ ibì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹ̀yin ni olórí ìgbálẹ̀. Bí ìwé bá tún dúdú, ọrùn yín ló wà!

(Ó bọ́ fèrè, ó fi kọ́ Àsíátù lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àsíátù nu ọwọ́ rẹ̀, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, àwọn adìẹ sá.)

ÀSÍÁTÙ: Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àṣẹ mi àkọ́kọ́ nìyí, kamaradi, sáré lọ kéde ẹ̀: ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá mú ìgbálẹ̀ jáde, ó lòdì sí Révolution!