Dókítà Gbéminíyì Di Olùtọ́nisọ́nà

Ẹ bá mi kí Dókítà Gbéminíyì, ọkọ Stella, ọ̀gá nílé wọn ní Cedar Hill, lẹ́bàá Dallas l'Amẹ́ríkà, ọ̀gá lójú ara rẹ̀ níbi gbogbo. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ló mú bí òfin ìjọba: ẹnikẹ́ni tó bá pàdé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e níyì. Bí o bá kí i pé "Ẹ káàárọ̀, sà," yóò dúró, yóò máa wò ọ́ títí wàá fi fi "Dókítà" kún un.

Ẹ má gbé aláìsàn lọ bá a o. Kọ̀mpútà ilé ìwòsàn ló ń tún ṣe. Oyè dókítà tó ń jẹ́, ilé ẹ̀kọ́ kan lórí ayélujára, tí kò ní ilé, tí kò sì ní ẹ̀kọ́, ló fi dá a lọ́lá. Àrẹ̀mọ Ìṣègùn! Olówó orí kóòtù funfun! Ọkùnrin tó rí ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ, tó ní kí wọ́n sáré gbé àga fún òun.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó ń ṣèpàdé ní DeSoto kéde pé àwọn yóò fi ẹnì kan joyè Àwòkọ́ṣe, ẹni tó bá ń ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ara Gbéminíyì kò ti balẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́ wo ló ti ràn lọ́wọ́ rí? Àwọn ọmọ tirẹ̀ pàápàá, bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, "Ẹ lọ bi ìyá yín" ni ìdáhùn rẹ̀.

Ó wá gbọ́ nípa ètò kan lórí ayélujára. Ètò náà ń so àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí baba ńlá wọn ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó gúnlẹ̀, tí wọ́n sì ń ronú àtidi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Oklahoma, ìpínlẹ̀ tó wà lódìkejì odò ààlà, ni àwọn ọmọ náà wà. Gbéminíyì forúkọ sílẹ̀ wéréwéré gẹ́gẹ́ bíi dókítà.

Ohun kan ṣoṣo ló bà á nínú jẹ́. Wọ́n ní fún oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọn yóò máa kọ síra wọn. Kò sí àwòrán, àfi orúkọ.

"Kò sí àwòrán kẹ̀?" ló kígbe. "Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ irú èèyàn tó ń gbà wọ́n níyànjú?"

"Wọ́n á mọ̀ ọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ń bá wọn sọ, Dádì Ọpẹ́," ni Stella dáhùn.

Nọ́ọ̀sì ni Stella, nọ́ọ̀sì gidi, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí nílé ìwòsàn kan ní Dallas.

Ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ kọ̀wé sí Gbéminíyì ni Michelle, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ní: "Mo fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ibi tí ìyá àgbà mi ti ń gba ìtọ́jú jìnnà sí wa púpọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹni tiwa máa tọ́jú wa nílé. Àmọ́ mo ti lóyún. Gbogbo èèyàn ní kí n fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Gbéminíyì kà á, ó na fóònù sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí ẹyin iná bọ́ sí lọ́wọ́.

"Ọ̀rọ̀ obìnrin nìyí. Bá mi dá a lóhùn."

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ohun tó bá ti wù ọ́. Ṣáà ti jẹ́ kí orúkọ mi wà níbẹ̀."

Bí Stella ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, yóò bọ́ bàtà, yóò po tíì, yóò jókòó ti fóònù. Kò mọ irọ́ í pa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ló ń sọ: bí òun ṣe gbé oyún Ọpẹ́ wọ yàrá ìdánwò, tí ikùn kò jẹ́ kí òun sún mọ́ tábìlì, bí òun ṣe ń fún ọmọ lọ́mú nínú mọ́tò kí òun tó wọlé lọ ṣiṣẹ́. Michelle kò fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìbéèrè tiwọn wá.

Gbéminíyì ńkọ́? Kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Ìpolongo ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti ń ra gáàsì, "àwọn ọmọ mi l'Oklahoma" kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Tí n kò bá sí, kí ni wọn ì bá dà?"

Nígbà tí àwọn tó ni ètò sọ pé ó ti tó àkókò kí olùtọ́nisọ́nà àti ọmọ rí ojú ara wọn, ó sáré lọ bá Alàgbà Adéyẹmọ, alága ẹgbẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é níwájú gbogbo ẹgbẹ́, sà, lójú skríìnì ńlá. Ẹni tó ti ń gbọ́ ìró erin, ẹ jẹ́ kó wá fojú rí erin!"

Nílé, Stella ní, "Dádì Ọpẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ti ń bá wọn sọ fún yín."

"Kí lo fẹ́ sọ tí n kò mọ̀? Àbí èmi kọ́ ni dókítà ni?"

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n dá pé. Gbọ̀ngàn kún. Gbéminíyì wọ kóòtù funfun tuntun, ó fi ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́rùn, ó dúró níwájú kámẹ́rà bí ère. Stella jókòó lẹ́yìn. Dàpọ̀, akápò ẹgbẹ́, tó di kámẹ́rà mú, tan skríìnì. Michelle yọ sójú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ikùn rẹ̀ ti hàn gbangba.

"Ẹ káàsán, sà," ló wí lédè òyìnbó. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé màmá wa ti dé?"

"Màmá wo?"

"Dókítà Gbéminíyì."

Gbéminíyì rẹ́rìn-ín àgbà. "Èmi gan-an ni, ọmọ mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kà yẹn, ìka mi yìí ló kọ ọ́."

Michelle wo ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ gbé oyún lọ ṣèdánwò?"

Ẹ̀rín kan bẹ́ lẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ti jẹ́wọ́ nìyí, àmọ́ ẹni tó ti wọ kóòtù kò ní í fẹ́ bọ́ ọ níta.

"Ní ilẹ̀ wa," ló wí, "tọkọtìyàwó ló jọ ń lóyún. Àṣà wa ni."

Ọmọbìnrin tó jókòó ti Michelle tẹ̀ síwájú. "Ọmú tẹ́ ẹ fún ọmọ nínú mọ́tò ńkọ́?"

"Ìyẹn náà..." Ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe. "Àṣà náà ni."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Màmá kan yọ̀ bọ́ lórí àga. Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi ń mì.

Michelle nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wá ṣeré," ló wí. "Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹnì kan bá mi sọ̀rọ̀ títí omijé mi fi gbẹ. Ẹni yẹn ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbo ló wà?"

Ẹ̀rín dá wáí. Stella dìde lẹ́yìn, ó rìn wá síwájú, kò wo ọkọ rẹ̀.

"Michelle, èmi nìyí. Stella ni orúkọ mi. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ṣì ń wú?"

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bojú. "Ó ti ń lọ sílẹ̀," ló wí nínú ẹkún. "Mo ń gbé e sókè bẹ́ ẹ ṣe ní kí n máa ṣe."

Àtẹ́wọ́ dún. Ẹ wá wo Gbéminíyì! Kò kúrò lójú kámẹ́rà o. Ó rọra sún wọlé, ó gbé ọwọ́ lé Stella léjìká.

"Ìyàwó mi nìyẹn," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Alàgbà Adéyẹmọ dìde jẹ́jẹ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga kan, ó gbé e sẹ́yìn Gbéminíyì.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹni tó lóyún kì í dúró pẹ́ báyìí."

Oyè ló wá gbà, oyún ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ó sì jókòó.