Ilé Kékeré tí A Kọ́ fún Ìyá Àgbà

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé títí mo fi máa wọ káà ilẹ̀, kò ní kúrò lọ́kàn mi. Bó bá wá sí mi lọ́kàn lórí ìrun, ẹ̀rín á fẹ́ ba ìrun náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan tó bá dára, Ìbàdàn là ń retí pé ó ti máa wá. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, tíṣà ni mí, mo sì gbọ́n lójú ara mi gan-an. Mo kàwé, mo ní kẹ̀kẹ́, mo tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ta ló tún fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀?

Ìyá tó bí bàbá mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà. Òwò obì ni wọ́n ń ṣe. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń sùn, nínú ilé ńlá tí ọkọ wọn kọ́, yàrá tó wà lẹ́nu ọ̀nà nísàlẹ̀ ni wọ́n sì ń kó obì sí. Àtẹ̀gùn ilé náà dúró ṣánṣán, ó ṣókùnkùn, pákó ẹ̀ sì ti ń jẹrà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ìyá ti ń sọ̀ bọ̀ láti wá ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ wọn yọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, ìdí ni wọ́n fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí wọ́n fi ń tiro, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá tún já bọ́ lórí àtẹ̀gùn yẹn, òkú wọn la máa gbé.

Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ dé ìpàdé ẹgbẹ́. Mo ní àgbàlagbà pọ̀ láàárín wa tí ilé ti tóbi jù fún, tí àtẹ̀gùn ń fojú wọn rí màbo. Ẹ jẹ́ ká ṣòfin! Àgbà tó bá gbà láti fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, ká fún un nílẹ̀, káwọn ọ̀dọ́ mọ bíríkì, ká fi páànù bò ó. Yàrá méjì péré, kò sí àtẹ̀gùn, kò sí wàhálà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi débi pé mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ta la máa fi bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo wá da ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo sọ ti afẹ́fẹ́ tútù, mo sọ ti ìsinmi, mo sọ ti ìlera, mo tiẹ̀ fi gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ há a láàárín. Ìyá ń jẹ obì, wọ́n ń wò mí. Nígbà tó rẹ̀ mí, wọ́n ní:

"Ilé tuntun yẹn, ṣé sìmẹ́ńtì lẹ máa tẹ́ sílẹ̀ ẹ̀?"

"Sìmẹ́ńtì ni, Ìyá."

"Ṣé á tutù?"

"Á tutù dáadáa!"

"Oòrùn ò ní ráyè wọ̀ ọ́? Òjò ò sì ní jò sí i?"

"Láéláé!"

"Ó dáa. Ẹ kọ́ ọ. Ọlọ́run á gbè yín."

Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni wọ́n fi sọ ọ́ o, èmi ni mo tún un sọ kí gbogbo wa lè gbọ́. Inú mi dùn. Mo ní ẹ ò rí i pé àgbà tó bá rí aláàlàyé, á gbọ́ àlàyé!

Lọ́jọ́ tí a kó wọn lọ, bẹ́ẹ̀dì onírin wọn kò gba ẹnu ọ̀nà ilé tuntun. A dà á dùbúlẹ̀, a gbé e nàró, káfíńtà yọ férémù ilẹ̀kùn, ó kọ̀. Ìgbà tí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sán la gbé e padà sí ìsàlẹ̀ ilé ńlá, a tẹ́ ẹní fún ìyá. Bí a ti ń ṣe ìyẹn lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ-ọmọ tí ń bá wọn sùn gbé ẹní tiwọn náà dé. Orogún wọn dé, wọ́n ní àwọn ò lè dá gbé ilé ńlá. Ewúrẹ́ náà dé, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Nígbà tí àwọn tó wá kí wọn kú ilé tuntun fi máa jókòó tán, ìta ni èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ dúró sí, òjò sì ń pa mí. Mo ní kò burú, ilé náà á tó mọ́ wọn lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìsinmi iléèwé ti tán, mo gba Iwopin lọ, létí ọ̀sà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Mo wà níbẹ̀ títí, mo ń fọ́nnu fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì mí pé mo ti gba ìyá mi lọ́wọ́ ikú. Àṣé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti dé Ìbàdàn. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ọ̀gá kan láti iléeṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá wo ilé náà, pé bó bá dára, wọ́n lè sọ ọ́ di òfin káàkiri. Orí mi wú! Mo wọ kóòtù, mo ra bàtà tuntun tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń dán.

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Kẹ̀kẹ́ ni mo yá dé Ìjẹ̀bú-Igbó, eruku bò mí, mo sì bá ọ̀gá náà níwájú ilé kékeré pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́. Mi ò dúró bi ẹnì kankan ní ìbéèrè. Mo gun orí òkúta kan, mo bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀gá wa, ìyá àgbàlagbà tó wà nínú ilé yìí, lánàá àtẹ̀gùn ló ń pa wọ́n lẹ́kún. Lónìí, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń sinmi!" Àwọn ará ẹgbẹ́ ń ṣẹ́jú sí mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló dùn mọ́ wọn.

Mo ṣe sàlámù, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ti ilẹ̀kùn, kò lọ. Mo fi èjìká sí i, ó ṣí gbàgà, apẹ̀rẹ̀ obì kan sì ya lé mi lórí. Obì ni lọ́tùn-ún, obì ni lósì, apẹ̀rẹ̀ gorí apẹ̀rẹ̀ dé abẹ́ páànù, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi ewé bò bí ọmọ tuntun. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó mú obì kan nílẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ìyá yín mà pọ̀ o."

Ojú tì mí, àmọ́ ẹ̀rù bà mí ju ìtìjú lọ. Ibo ni ìyá wà? Wọ́n ti padà sókè nìyẹn! Mo sáré wọ ilé ńlá, mo ń pariwo "Ìyá Àgbà! Ìyá Àgbà! Ẹ má sọ̀kalẹ̀ o!" Mo gun àtẹ̀gùn yẹn dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá wọn ṣófo. Bí mo ṣe yíjú padà báyìí, bàtà tuntun yọ̀ lórí pákó. Gbì! Gbì! Gbì! Gbogbo àtẹ̀gùn yẹn ni mo fi ìdí kà, mo sì balẹ̀ gbàà níwájú yàrá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń kó obì sí tẹ́lẹ̀.

Inú yàrá náà ni Ìyá Àgbà wà, lórí bẹ́ẹ̀dì onírin wọn, wọ́n rọra jókòó, èèyàn yí wọn ká.

"Yéè, ọkọ mi! Kí lò ń wá lókè? Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ̀kalẹ̀."

"Ìyá, ilé tí a kọ́ fún yín ńkọ́?"

"Ilé yẹn dára. Obì ò bàjẹ́ níbẹ̀ rí. Òun ni mo kó lọ síbẹ̀, tí mo fi ríbi sùn nísàlẹ̀ ilé mi. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, èèyàn ò sú mi. Ibi tí mo ti ń rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde ni mo fẹ́ wà títí Ọlọ́run á fi pè mí."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"O bi mí ni? Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀, èmi ń gbọ́."

Ọ̀gá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní òfin tí òun máa gbé lọ sí Ìbàdàn ti yàtọ̀: kí wọ́n mú àgbà sọ̀kalẹ̀ láti òkè, kí wọ́n má mú un kúrò nílé. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbé e débẹ̀. Àwa nínú ẹgbẹ́ wa gbé e ṣe, àwọn ọ̀dọ́ ń tún yàrá ìsàlẹ̀ ṣe fún àwọn àgbà, ìyá mi ò sì ṣubú mọ́ títí wọ́n fi lọ sílé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èmi ni mi ò lè jókòó. Ìnàró ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Iwopin níwèé fún ọjọ́ gbọọrọ, wọ́n rò pé ìtara iṣẹ́ ni. Láti ìgbà náà, kí n tó ran àgbà kankan lọ́wọ́, mo máa ń kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ń dùn ún. Orí ni àwọn ẹlòmíì fi ń kọ́ ọgbọ́n. Èmi, ìdí ni mo fi kọ́ tèmi.